Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Iná Hinckley ní Minnesota: Ọkọ̀ Ojú Irin, Gẹdú àti Iná Igbó

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a máa ń gba títì I-35 láti Minneapolis lọ sí Duluth ló mọ Hinckley sí ibi tí a ti ń ra epo sọ́kọ̀, tí a ti ń jẹ búrẹ́dì onísínámọ́nì, tí àwọn tó fẹ́ràn tẹ́tẹ́ sì ti ń yà sí ilé tẹ́tẹ́ ńlá tó wà nítòsí ìlú. Ìlú kékeré ni, ó sì bọ́ sí nǹkan bí ìdajì ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ títì àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Highway 61, ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ibùdókọ̀ ojú irin nígbà kan rí, tí wọ́n sọ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 1976, tí wọ́n sì ń pè ní Hinckley Fire Museum. Ilé yìí ni mo fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀. Mo ti rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó tóbi jù ú lọ dáadáa, tó sì lówó lọ́wọ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn iná igbó ní agbègbè Àwọn Adágún Ńlá, n kò tíì rí èyí tí ilé fúnra rẹ̀ ń jẹ́rìí bíi ti Hinckley: ọkọ̀ ojú irin tó mú kí igbó di ohun tí iná lè jó run, òun náà ló gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn kúrò lẹ́nu iná yẹn.

Kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé síbẹ̀ tó wọlé, ó dára kó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí igbó náà ṣáájú. Igi páìnì ló pọ̀ jù nínú igbó tó bo ìhà àríwá Michigan, Wisconsin àti Minnesota kí àwọn agégẹdú tó dé. Àwọn Ojibwe, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n ń gbé ibẹ̀, máa ń dáná sun abẹ́ igbó díẹ̀díẹ̀ fún ìdí tó yé wọn, kí èso blueberry lè so dáadáa, kí abẹ́ igi sì lè mọ́. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í ga, kì í sì í pẹ́ kó tó kú. Nígbà tí ìjọba fi àdéhùn gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, tí àwọn onígẹdú sì ya wọlé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀ pátápátá. Ìtì igi tó gún régé nìkan ni wọ́n ń gbé lọ sí sọ́míìlì. Wọ́n á fi orí igi, ẹ̀ka, èèpo àti ewé páìnì tó kún fún oje sílẹ̀ nínú igbó, gbogbo rẹ̀ á gbẹ, wọn á sì ṣí lọ sí ibòmíràn. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ra ilẹ̀ tí a ti gé igi rẹ̀ á wá máa dáná sun kùkùté láti ro oko, ọkọ̀ ojú irin tó ń kó gẹdú sì ń kọjá láàárín pàǹtírí gbígbẹ yìí, ó ń ta ẹyin iná sílẹ̀ láti inú ihò èéfín rẹ̀. Gbogbo ohun tí iná ń fẹ́ ti pé. Ọ̀gbẹlẹ̀ nìkan ló kù.

Ọ̀gbẹlẹ̀ náà kò sì ṣaláì dé, léraléra. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún 1871, Peshtigo ní Wisconsin jó, iye èèyàn tó kú níbẹ̀ àti ní àwọn abúlé àyíká rẹ̀ kò sì dín ní 1,200; àwọn mìíràn tilẹ̀ ṣírò rẹ̀ kọjá 2,000. Kò tíì sí iná igbó mìíràn nínú ìtàn Amẹ́ríkà tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ kan náà ni ìlú Chicago jó, ariwo Chicago sì bo ti Peshtigo mọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1881, agbègbè tí wọ́n ń pè ní Thumb ní Michigan jó, èèyàn 282 kú, ibẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Red Cross ti Amẹ́ríkà, tí Clara Barton dá sílẹ̀ ní ọdún kan náà, ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́. Hinckley ló kàn ní 1894. Ìlú Chisholm jó ní 1908, Baudette àti Spooner ní 1910, Cloquet àti Moose Lake ní 1918. Ẹni tó bá to àwọn ọdún yìí tẹ̀lé ara wọn yóò rí i pé ibi tí iṣẹ́ gẹdú ń ṣí lọ ni iná ń tẹ̀ lé e lọ.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Hinckley dojú kọ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ìtàn gígùn yìí, ìyẹn ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894. Mo gbà pé ìpinnu ọlọ́gbọ́n ni. Òjò tó rọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn kò tó nǹkan, iná kéékèèké sì ti ń jó nínú igbó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí iná bá jó oko, màjàlà á bọ́ sílé, ìyẹn ni pé màjàlà ló ń kìlọ̀ fún ará ilé. Ní Hinckley, ìkìlọ̀ náà ti pọ̀ jù tí kò fi wúlò mọ́, nítorí èéfín ti di ohun tí wọ́n ń bá jí lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ pa sọ́míìlì tì nítorí rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, iná méjì tó ń bọ̀ láti ìhà gúúsù sún mọ́ ara wọn. Afẹ́fẹ́ tó wà lókè ti tẹ ooru àti èéfín mọ́lẹ̀ bí ọmọrí ṣe ń tẹ oru mọ́ inú ìkòkò. Nígbà tí iná méjèèjì pàdé, tí wọ́n sì fọ́ ọmọrí náà, afẹ́fẹ́ ya wọ inú wọn, ohun tó sì jáde kì í ṣe iná igbó lásán mọ́ bí kò ṣe ìjì tí iná ń gùn. Láàárín nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, ilẹ̀ tó lé ní 200,000 éékà jó, Hinckley, Mission Creek, Sandstone, Pokegama tí wọ́n ń pè ní Brook Park lónìí, àti àwọn ìletò mìíràn sì di eérú. Àkọsílẹ̀ ìjọba ka òkú 418, ọ̀pọ̀ òpìtàn sì gbà pé iye náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àwọn agégẹdú àti àwọn Ojibwe tó wà nínú igbó kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Ibùdókọ̀ tí ẹ máa wọ̀ lónìí kì í ṣe èyí tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iná jó ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin St. Paul and Duluth tún un kọ́ kíákíá lẹ́yìn iná. Èyí ṣe pàtàkì sí mi ju bí ó ṣe lè dà lójú ẹlòmíràn lọ, nítorí ó fi hàn ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rò pé ìlú nílò: kí gẹdú tún lè máa lọ. Nísàlẹ̀ ni àwọn yàrá tí èrò ti ń dúró de ọkọ̀ wà, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń tẹ wáyà. Lókè ni ilé tí ọ̀gá ibùdókọ̀ àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Fídíò kúkúrú kan wà tó ń sọ ìtàn ọjọ́ náà, mo sì gba ẹni tó bá lọ níyànjú pé kó kọ́kọ́ wò ó kó tó rìn káàkiri, nítorí ọ̀nà ojú irin méjì ló gba Hinckley kọjá nígbà náà, tí èèyàn kò bá sì tíì ní àwòrán wọn lọ́kàn, yóò máa da ìtàn ọkọ̀ kan pọ̀ mọ́ ti èkejì.

Ibi tẹ wáyà ni kí ẹ dúró sí pẹ́. Thomas Dunn ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ wáyà ní ibùdókọ̀ àtijọ́ tí iná jó. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ láti Duluth tó kún fún èrò, ó sì dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ títí tí iná fi dé orí ilé. Ọ̀rọ̀ tí ìtàn sọ pé ó tẹ̀ kẹ́yìn ni pé ó dà bí ẹni pé òun ti dúró pẹ́ jù. Ó kú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ tẹ wáyà kì í ṣe ohun ńlá, kọ́kọ́rọ́ idẹ kékeré ni, tí ìka kan tó láti tẹ̀. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe kéré tó lójú àti bí ẹ̀mí àwọn èèyàn ṣe so mọ́ ọn tó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ohun tí iná yọ́ sí. Àwọn tí wọ́n padà sí ìlú lẹ́yìn iná ṣàlàyé bí àgbá ìṣó ṣe yọ́ di ẹyọ irin kan ṣoṣo, àti bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ṣe lẹ̀ mọ́ irin tó dúró lé. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn fi lè fi ooru han ọmọ ilé-ìwé.

Ọkọ̀ ojú irin méjì ló wà nínú ìtàn náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí sì sọ ti méjèèjì. Ní ojú irin Eastern Minnesota, awakọ̀ méjì, William Best àti Edward Barry, so ọkọ̀ ẹrù àti ọkọ̀ èrò pọ̀, wọ́n kó nǹkan bí 500 èèyàn láti Hinckley, wọ́n sì wà á lọ sí ìhà àríwá. Àríyànjiyàn wà lórí ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbéra, nítorí èèyàn ṣì ń sáré bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Sandstone, wọ́n dúró, wọ́n ní kí àwọn ará ìlú wọlé, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà pé iná máa dé ọ̀dọ̀ òun kò pọ̀. Ọkọ̀ náà kọjá lórí afárá gíga tó wà lórí odò Kettle, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà afárá jó, ó sì wó lulẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iná dé Sandstone.

Ọkọ̀ kejì ni ti awakọ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ James Root, tó ń bọ̀ láti Duluth pẹ̀lú èrò. Kò tíì wọ Hinckley nígbà tí àwọn tó ń sá bọ̀ pàdé rẹ̀ lórí ojú irin. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó gbé wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn padà fún nǹkan bíi máìlì márùn-ún, títí dé ẹrẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Skunk Lake, adágún tí omi rẹ̀ kò ga dé orókùn àgbàlagbà. Fèrèsé fọ́ lù ú, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì jó níbi tó ti di irin ìdarí mú. Ẹni tó ń koná fún un, John McGowan, ló ń bu omi láti inú táǹkì dà á lára kó má baà dákú. Nígbà tí wọ́n dé ibi omi náà, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń jó. Nǹkan bí 300 èèyàn wọ inú ẹrẹ̀ yẹn, wọ́n sì yè.

Nínú ọkọ̀ Root ni John Blair wà, ọkùnrin adúláwọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ pọ́tà, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú èrò àti ẹrù wọn. Iṣẹ́ pọ́tà jẹ́ ọ̀kan nínú ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ń gba adúláwọ̀ sí nígbà náà, ojú ìránṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń wò ó. Nígbà tí gíláàsì ń fọ́, tí aṣọ fèrèsé ń jó, tí àwọn ọkùnrin tó lówó nínú ọkọ̀ náà ń fẹ́ fò bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó ń sáré, Blair ló ń pín omi àti aṣọ tútù, òun ló ń fi ẹ̀rọ pípa iná pa iná tó bá ràn mọ́ èèyàn lára, òun ló ń bá àwọn ọmọdé sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ọkàn wọn lè balẹ̀, ó sì dúró ràn àwọn èrò lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Skunk Lake. Wọ́n bu ọlá fún un ní gbangba ní St. Paul lẹ́yìn náà. Àwa tí a jẹ́ adúláwọ̀ ní Minnesota, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì gbé ibẹ̀ pẹ́ púpọ̀, sábà máa ń rò pé ìtàn igbó àríwá yìí kò kàn wá, pé ti àwọn ará Sweden àti Jámánì ni. Ẹni tó bá mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, kó wá orúkọ Blair, kó sì fi han ọmọ náà. Ní tèmi, ìdí yìí nìkan ti tó láti yà síbẹ̀.

Àwọn tí ọkọ̀ kò gbé ńkọ́? Nǹkan bí 100 nínú wọn sá lọ sí kòtò kan tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti wa yanrìn nínú rẹ̀, tí omi díẹ̀ ti gbárajọ sí, wọ́n bẹ́ sínú omi náà pẹ̀lú ẹṣin àti màlúù, wọ́n sì yè. Kòtò yanrìn yìí, tó jẹ́ ohun ìdọ̀tí lójú ará ìlú tẹ́lẹ̀, ni ọkọ̀ ojú irin fi ṣe ìrànlọ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kẹta láìmọ̀ọ́mọ̀. Àwọn mìíràn sá kọjá odò Grindstone lọ sí àbàtà kan ní ìhà àríwá ìlú, èèyàn 127 sì kú síbẹ̀, nítorí àbàtà náà kò ní omi mọ́ lọ́dún yẹn. Ìyàtọ̀ láàárín kòtò yanrìn àti àbàtà yẹn ni ohun tó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ni nípa ìjàǹbá iná máa lò láti fi ṣàlàyé: ibi tí ó jọ omi àti ibi tí omi wà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ má ṣe kúrò ní Hinckley láìdé itẹ́ òkú tó wà ní ìta ìlú, ní ìhà ìlà-oòrùn. Kò sí nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ṣùgbọ́n mo kà á mọ́ ọn. Ọwọ̀n òkúta kan wà níbẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 52, tí Ìpínlẹ̀ Minnesota gbé kalẹ̀, tí wọ́n sì ṣí ní ọdún 1900. Lábẹ́ rẹ̀ ni kòtò gígùn mẹ́rin wà, níbi tí wọ́n sin èèyàn 248 sí. Èèyàn lè rí ìlà kòtò náà lórí koríko, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀ ju ti àyíká lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni kò lè dá mọ̀ mọ́.

Nípa ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fúnra rẹ̀, n kò ní àbùkù ńlá kan láti sọ. Owó ìwọlé rẹ̀ kò wọ́n, ilé náà mọ níwọ̀n, èèyàn sì lè wò ó tán láàárín ọ̀sán kan tí kò gùn. Ohun tó lè yọ èèyàn lẹ́nu ni àkókò: láti oṣù Karùn-ún títí dé àárín oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣí i, wọn kì í sì í ṣí i nígbà òtútù, nítorí náà kí ẹni tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti wákàtí wọn kó tó gbéra. Ọmọdé tí kò tíì tó ọdún mẹ́jọ, mo rò pé ìtàn náà le jù fún un; kó wo ilé ọ̀gá ibùdókọ̀ tó wà lókè, pẹ̀lú ibùsùn àti ohun èlò ìdáná àtijọ́, kí wọ́n sì mú un jáde. Àwọn tó ti gòkè àgbà yóò gbádùn òkè náà ju bí wọ́n ti rò lọ, nítorí ó fi hàn bí ìdílé kan ṣe ń gbé lórí ariwo ọkọ̀ ojú irin lọ́sàn-án àti lóru.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n fi yàrá kan kún un, màá yà á sọ́tọ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n sin òkú tán. Ìtàn akọni dùn, ó sì yẹ ká sọ ọ́, ṣùgbọ́n Best, Barry, Root àti Blair kò lè yí òfin padà. Ní ọdún 1895, ilé aṣòfin Minnesota ṣe òfin láti dáàbò bo igbó lọ́wọ́ iná, wọ́n sì fi Ọ̀gágun Christopher C. Andrews, tó ti ja Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, ṣe olórí àwọn aṣọ́nà tí yóò máa ṣọ́ igbó. Ọkùnrin náà ti gbé ní Sweden gẹ́gẹ́ bí aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà, ó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú igbó níbẹ̀. Owó tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ kéré, agbára rẹ̀ náà kéré, àwọn onígẹdú sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Lẹ́yìn iná Baudette ti 1910 ni ìjọba tó dá ilé-iṣẹ́ igbó gidi sílẹ̀ ní 1911. Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, igbó tún jó.

Èyí ló mú kí n máa sọ fún àwọn tó ń bi mí pé kí wọ́n má fi Hinckley nìkan mọ. Ní Moose Lake, tí kò jìnnà sí i lójú ọ̀nà kan náà sí Duluth, wọ́n tún sọ ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún iná ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 1918. Iná yẹn pa èèyàn 453, ó jó ìlú Cloquet àti ìlú kéékèèké púpọ̀, Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́ ṣì ń lọ nígbà náà, àrùn ọ̀fìnkìn ńlá sì ń pa àwọn tó sá àsálà. Ẹ̀rí fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn iná tó fa ìparun Cloquet bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin nítòsí Brookston, níbi tí wọ́n to igi sí, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ ńlá náà. Ní ọ̀dọ̀ Moose Lake, iná mìíràn ti ń jó nínú àbàtà láti oṣù Kẹjọ.

Ẹjọ́ tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ kí ẹ béèrè nípa rẹ̀. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Anderson pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin lẹ́jọ́ pé iná tó ta láti ara ọkọ̀ wọn ló jó dúkìá òun. Ilé-iṣẹ́ náà ní iná mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orísun rẹ̀, náà ń bọ̀ lọ́jọ́ yẹn, pé méjèèjì ti dà pọ̀, àti pé bí iná tàwọn kò bá tilẹ̀ sí, oko náà ìbá ṣì jó. Ní 1920, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Minnesota kọ̀ láti gba àwíjàre yìí: tí iná ilé-iṣẹ́ náà bá kó ipa gidi nínú ìparun, ó jẹ̀bi, ìbáà jẹ́ pé iná ẹlòmíràn bá a pàdé lọ́nà. Títí dòní ni wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Amẹ́ríkà ní ẹjọ́ yẹn. Nítorí pé ìjọba àpapọ̀ ló gba ìṣàkóso ọkọ̀ ojú irin nígbà ogun, ọwọ́ ìjọba ni owó gbà-máà-bínú wà, wọ́n sì san apá kan rẹ̀ nìkan fún àwọn èèyàn. Ọdún 1935 ni Ààrẹ Franklin Roosevelt tó fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n san ìyókù. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jẹ gbèsè nítorí iná náà ti kú kí owó wọn tó dé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo Hinckley tán, tó sì fẹ́ mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, lè wakọ̀ lọ sí Peshtigo ní ìhà ìlà-oòrùn Wisconsin, ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yà wò lójú ọ̀nà. Ilé ìjọsìn àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tibẹ̀, wọn kì í gba owó ìwọlé, ohun tí ọkàn bá wù ọ́ ni wàá fi sílẹ̀. Ohun tó la iná 1871 kọjá kéré gan-an, nítorí náà ẹ má retí ohun púpọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àpótí mímọ́ tí Àlùfáà Peter Pernin gbé sínú odò kí òun tó sá bọ́ sínú omi, tí wọ́n sì rí lẹ́yìn ìgbà náà láìjó. Wọ́n tún fi Bíbélì kan tí iná ti sọ di dúdú hàn. Itẹ́ òkú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin nǹkan bí 350 èèyàn tí wọn kò mọ orúkọ wọn sí nínú ibojì kan. Peshtigo ń dun èèyàn lọ́kàn ju Hinckley lọ, àmọ́ Hinckley ń ṣàlàyé jù ú lọ, nítorí iye àwọn tó yè tí wọ́n sì sọ tẹnu wọn pọ̀, àkókò ọkọ̀ ojú irin sì jẹ́ kí wọ́n lè to ọjọ́ náà ní wákàtí ní wákàtí.

Ẹni tó bá fẹ́ràn láti máa gun kẹ̀kẹ́, kó mú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú irin tí Root fi ẹ̀yìn wakọ̀ lórí rẹ̀ ni wọ́n ti yọ kúrò, wọ́n sì fi ọ̀dà tẹ́ ọ̀nà rẹ̀ fún àwọn tó ń rìn àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Willard Munger State Trail ni wọ́n ń pè é, Hinckley ló sì ti bẹ̀rẹ̀ títí dé Duluth. Àmì kan wà lójú ọ̀nà náà tó fi ibi tí Skunk Lake wà hàn. Ọ̀nà náà tẹ́jú, igi bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹni tí kò bá tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà lè dé ibẹ̀ kó sì padà kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó tì, bó bá tètè gbéra ní òwúrọ̀. Ẹ gbé omi dání, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń tà á láàárín Hinckley àti ibẹ̀.